Bí Mo Ṣe Bá Apànìyàn Ta Géèmù ní Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ọdẹ, ẹ gbé ìbọn yín tì, kí ẹni tó ń mu tábà sì fẹ́ èéfín rẹ̀ sí apá ibòmíràn, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́nu mi lónìí, inú bíbí ni mo fi sè é. Èmi Ọdẹ́níran ọmọ Ògúnṣàkin, èmi tí ẹfọ̀n rí tó yà fún lọ́nà bí ẹni tó pàdé àna rẹ̀, èmi tí mo pa ẹkùn tí mo fi irun imú rẹ̀ tayín, bí mo bá ní mo rí nǹkan nínú igbó, ẹ mọ̀ pé n kì í ṣe ẹni tí òjìji igi ń lé sáré. Ẹ ó gbọ́ nípa iwin, ẹ ó sì gbọ́ nípa tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tí kò bá lè gbà pé àwọn méjèèjì lè wà lábẹ́ igi kan náà, kó tètè máa lọ sílé lọ jẹ ẹ̀bà rẹ̀, kó má dúró síbí kó máa mi orí sí mi.

Ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi, Ọdẹ́gbàmí. Ẹ mọ̀ pé kò bá ẹnikẹ́ni jà rí. Lẹ́bàá ọ̀nà oko wa, níbi tí igbó ti bẹ̀rẹ̀, ni a ti bá òkú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ ti ṣẹ́, àdá rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tó ya gbogbo wa lẹ́nu ni àtàǹpàkò ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì: wọ́n wú, awọ wọn bó, bí ìgbà tí ènìyàn fi wọ́n lọ ata lórí ọlọ láti àárọ̀ dalẹ́. Àwọn àgbà wò ó, wọ́n mi orí, kò sí ẹni tó lè sọ ohun tó ń fi àtàǹpàkò jẹ ọdẹ níyà nínú igbó. Ẹ sì mọ àṣà ilé wa. Ọdẹ tí nǹkan igbó bá pa, a kì í gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ ara ògiri, ìyàwó rẹ̀ kì í sì í bọ́ aṣọ ọ̀fọ̀, àfi tí ará ilé bá gbé orí ohun tó pa á wálé. Àwẹ̀ró ìyàwó rẹ̀ kò sunkún lójú mi. Ó pè mí ní orúkọ tó sọ mí nígbà tó wọlé wa ní ìyàwó tuntun. Ó ní, "Ajíwọgbó, ẹ̀gbọ́n yín ló wà nílẹ̀ yẹn o. Bí ẹ bá lọ tí ẹ kò rí ẹni tó pa á pa, ẹ má padà wá jẹun nílé yìí." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀gún lọ, mo sì gbé ìbọn mi.

N kò ní fi ọ̀nà jíjìn da yín láàmú. Ẹ̀gún gún mi, mo yọ ọ́. Ebi pa mí, mo jẹun. Ẹ jẹ́ kí n mú yín dé ibi tí igbó ti di Igbó Òkùnkùn-Ọ̀sán, níbi tí ewé orí igi ti so mọ́ra wọn tó bẹ́ẹ̀ tí oòrùn ọ̀sán gangan kì í fojú kan ilẹ̀. Bàbá arúgbó kan ló jókòó lórí kùkùté níbẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ dán borogidi, kò sí ẹyinjú kankan níbẹ̀, àfi ìgbà tó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè ni mo rí ojú méjì lórí orúnkún rẹ̀ tí wọ́n ń ṣẹ́ sí mi. Olójú-Orúnkún ni orúkọ rẹ̀, òun sì ni àgbà gbogbo iwin tó wà nínú igbó náà. Bí ó bá fẹ́ wo òkè, àfi kó dùbúlẹ̀ kó na ẹsẹ̀ sókè. Bó bá jẹ́ ọjọ́ mìíràn ni, ǹ bá ti rẹ́rìn-ín kú, ṣùgbọ́n mo kúnlẹ̀, mo kí i.

Ó ní, "Ọdẹ, níbo lò ń lọ tí iṣan ọrùn rẹ le báyìí?"

Mo ní, "Bàbá, ẹni tó pa ẹ̀gbọ́n mi ni mò ń wá."

Ó ní, "Kí o tó kọjá, dá mi lóhùn. Kí ni ohun tí à ń ṣá tí kì í ṣẹ̀jẹ̀, tí à ń pa tí kì í kú, tí ẹni tó ń pa á kì í sì í fẹ́ dìde nílẹ̀?"

Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn. Mo ní, "Bàbá, òjìji ni."

Ó ní, "O súnmọ́ ọn. Òjìji ni, àmọ́ òjìji tó ní àwọ̀, tó sì ń pariwo. Kí lo mú dání?" Mo ní iṣu sísun ni. Ó gbà á, ó jẹ ẹ́ tèèpo tèèpo, ó nu ẹnu, ó wá bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n tí ò ń wí yìí, ṣé ọkùnrin tí àtàǹpàkò rẹ̀ wú ni?"

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ní iwin kan wà láàrin àwọn ará igbó, Èmi-Ò-Ṣòpè ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ṣubú létí igbó, awakọ̀ sá lọ, Èmi-Ò-Ṣòpè bá kó ohun tó wà nínú rẹ̀: ó gbé tẹlifíṣọ̀n, ó gbé sólà kan lé orí igi ìrókò, ó sì gbé ẹ̀rọ géèmù kan tó jẹ́ pé àdá ni wọ́n ń fi jà nínú rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láti ìgbà náà, kò ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Páàdì méjì, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ta géèmù, ló bá ẹ̀rọ náà wá, ṣùgbọ́n kò sí iwin tó jẹ́ fọwọ́ kan èkejì, nítorí ẹni tó bá jẹ ẹ́ nínú géèmù náà, orí onítọ̀hún ni yóò fi gbá igi. Ẹ̀gbọ́n mi wá kọjá. Èmi-Ò-Ṣòpè pè é kó wá bá òun ta á. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó, ó ta á títí, ó sì jẹ ẹ́. Ó wá dìde, ó ní òun ń lọ sílé. Èmi-Ò-Ṣòpè bínú, ó lé e kọjá ààlà wọn títí dé ọ̀nà oko, ó sì ṣẹ́ ọrùn rẹ̀.

Mo ní, "Bàbá, nítorí géèmù?"

Ó ní, "Nítorí géèmù."

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ bá mi gbọ́ o! Bó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n mi ta á níbọn ni, tàbí pé ó gé igi tí wọ́n ń gbé, ǹ bá sọ pé ọ̀ràn lọ́ràn ń jẹ́. Kí wọ́n pa odindi ọkùnrin, bàbá ọmọ, nítorí pé ó mọ eré ṣe ju ẹlẹ́re lọ! Mo fa àdá yọ. Olójú-Orúnkún rí i, ó ní, "Fi àdá rẹ sínú àkọ̀. Láàrin ààlà wa níbí, irin kì í wọ ara ọ̀kankan nínú wa, àfi tí gbogbo wa bá fẹnu kò pé ó tọ́ sí i." Mo gbọ́, ṣùgbọ́n n kò gbà. Ẹni tí inú ń bí, etí rẹ̀ kì í ṣí tán.

Nígbà tí a dé abẹ́ ìrókò náà, àwọn iwin kún ilẹ̀ bíi pé ọjọ́ àpéjọ ni. Òmíràn ní ẹnu níkùn, òmíràn gbé orí rẹ̀ lé itan kó lè ríran dáadáa. Èmi-Ò-Ṣòpè jókòó síwájú wọn, ó tóbi tó ilé ìdáná, ọwọ́ rẹ̀ gùn dé ilẹ̀, páàdì wà láàrin ìka rẹ̀ bí ẹyọ obì kan. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. Mo gbé ìbọn sókè, mo yìn ín. Ìbọn mi, ìbọn tó ti sọ ẹfọ̀n di ẹran ọbẹ̀, wúkọ́ bí arúgbó, ọta rẹ̀ sì já bọ́ síwájú ẹsẹ̀ mi bí ẹ̀wà. Gbogbo iwin bú sẹ́rìn-ín. Ojú tì mí débi pé mo fẹ́ kí ilẹ̀ lanu.

Èmi-Ò-Ṣòpè ní, "Ní sùúrù, jẹ́ kí n parí àwọn tó wà níwájú mi yìí." Ó parí wọn, ó wá yíjú sí mi. "Ìwọ ni àbúrò rẹ̀. Imú yín jọra. Ọkùnrin ni ẹ̀gbọ́n rẹ o! Wò ó!" Ó ṣí aṣọ kúrò léjìká, àpá tó gbòòrò bí ewé ẹ̀kọ wà níbẹ̀. "Ó ṣá mi lọ́nà oko yín kí n tó mú un lọ́rùn. Ènìyàn kò ṣá mi rí, òun nìkan ni." Ó ń fi àpá náà yangàn bí ẹni tó gba oyè.

Mo ní, "Orí rẹ ni mo wá gbé."

Ó ní, "O kò lè gbé e lọ́fẹ̀ẹ́. Gba páàdì kejì. Ogun kan wà nínú géèmù yìí, òpin ogun náà ni ọ̀gá wọn, Olórí-Mẹ́ta. Àwa méjèèjì la jọ máa lọ. Bí Olórí-Mẹ́ta bá jẹ́ tìrẹ, màá kúnlẹ̀ fún àdá rẹ. Bó bá jẹ́ tèmi, o ò ní lọ sílé mọ́, ìwọ ni wàá máa di páàdì kejì mú. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń dá a ta." Olójú-Orúnkún ní kí àwọn ará igbó jẹ́rìí sí i, wọ́n jẹ́rìí. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Ìbọn kọ̀, àdá kò ní ṣiṣẹ́, Àwẹ̀ró sì wà nílé nínú aṣọ dúdú. Mo jókòó ti apànìyàn, èjìká mi kan ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

Níbẹ̀rẹ̀, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní ọmọlangidi tó wọ aṣọ pupa ni tèmi. Mo tẹ bọ́tìnnì kan, ó fò sínú odò, ó kú. Wọ́n tún gbé e dìde. Mo tẹ òmíràn, ó kọjú sí ògiri, ó ń ṣá ògiri. Iwin elẹ́nu-níkùn rẹ́rìn-ín títí oúnjẹ fi dà jáde níkùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ọdẹ ni ọwọ́ mi. Kò pẹ́ tí mo mọ èyí tó ń ṣá, mo mọ èyí tó ń fò, mo mọ èyí tó jẹ́ pé bí o bá tẹ̀ ẹ́ pẹ́ títí tí o wá tú u sílẹ̀, gbogbo ẹni tó yí ọ ká ló máa ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà bí àgbàdo tí ìjì bì lulẹ̀.

Ẹ̀yin ọdẹ, kí ni màá wí fún yín? Ó dùn. Ẹ má bojú wò mí bẹ́ẹ̀, òótọ́ ni mò ń sọ. Ẹ rò ó wò: ìgbà tí ẹ bá pa ẹran, ṣé ẹ kì í gbé e? Ṣé ọrùn kì í wọ̀ yín? Ẹ ó sun irun rẹ̀, ẹ ó pín in, ará ilé yóò bínú pé itan tiwọn kéré. Níbí, kò sí gbígbé, kò sí pínpín. Àwọn ọmọ ogun eegun ń tú jáde láti inú ilẹ̀, mò ń ṣá wọn, wọ́n ń fọ́ wẹ́wẹ́, àwọn mìíràn tún ń bọ̀, inú mi sì ń dùn pé wọ́n ń bọ̀. Mo ṣá ti iwájú, mo ṣá ti ẹ̀yìn. Kò sí ọ̀rọ̀ láti rò, kò sí ẹni láti bẹ̀, àfi kí o ṣáà máa ṣá. Ìbànújẹ́ tí mo gbé wọgbó fò lọ lórí mi bí ẹyẹ. Èmi-Ò-Ṣòpè ń ké pé, "Ọdẹ, ẹ̀yìn rẹ!" Mo ní, "Mo ti rí i!" Mo ṣá a. Èmi náà ké sí i pé, "Òsì rẹ, òsì rẹ, wọ́n ń bọ̀!" Ó yí, ó ṣá wọn. A jọ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: èmi àti ẹni tó ṣẹ́ ọrùn ọmọ ìyá mi, a jọ rẹ́rìn-ín, a tún fi apá gbá ara wa. Bí a bá ń pẹ́ lórí imí, eṣinkéṣin ní í bá ni níbẹ̀. N kò mọ bó ṣe pẹ́ tó tí mo fi jókòó síbẹ̀.

Ìrora ló jí mi. Ohun kan ń ta mí ní àtàǹpàkò. Mo wolẹ̀, mo rí i tí àtàǹpàkò mi wú, tí awọ rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ọwọ́ Ọdẹ́gbàmí ni mo rí, kì í ṣe tèmi. Ọwọ́ tí mo wẹ̀ pẹ̀lú omi gbígbóná kí a tó sin ín. Ẹ̀rín kú lẹ́nu mi. Mo mọ̀ nígbà náà pé ẹ̀gbọ́n mi ti jókòó síbi tí mo jókòó sí, ó ti rẹ́rìn-ín bí mo ṣe rẹ́rìn-ín, ẹni tó sì bá a rẹ́rìn-ín ló pa á. Ìbínú padà dé, ó wá wúwo ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Nígbà náà ni Olórí-Mẹ́ta jáde. Ó ga ju ìrókò lọ nínú tẹlifíṣọ̀n, iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi-Ò-Ṣòpè sáré sí i, òun ló kọ́kọ́ ṣá a, ọgbẹ́ sì là lára ẹranko náà. Ó gbá Èmi-Ò-Ṣòpè dànù. Mo wọlé sí i, mo gé orí kìíní, iná jó mi, mo fò, mo gé ìkejì. Àwọn iwin dìde dúró. Mo tẹ bọ́tìnnì tí à ń tẹ̀ pẹ́, mo dì í mú, àtàǹpàkò mi ń ṣẹ̀jẹ̀, mo tú u sílẹ̀, orí kẹta fò! Olórí-Mẹ́ta wó lulẹ̀. Mo fò dìde, mo ní, "Kúnlẹ̀!"

Èmi-Ò-Ṣòpè kò kúnlẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ṣé ọdẹ ni ọ́? Kí ni òfin ọdẹ wí? Bí ọdẹ méjì bá ta ẹran kan, ta ló ni ín?"

Gbogbo yín mọ ìdáhùn náà. Mo ní, "Ẹni tó kọ́kọ́ ta á ni. Ẹni tó parí rẹ̀, itan ló ń gbà."

Ó ní, "Ta ló kọ́kọ́ ṣá Olórí-Mẹ́ta? Ẹ̀yin ará igbó, ẹ sọ̀rọ̀! Ṣé òfin yìí dára àbí kò dára? Ẹ búra sí i!" Àwọn iwin ké pé ó dára, wọ́n búra sí i. Ó ní, "Jókòó, ọdẹ. Ìwọ àti páàdì kejì ti di ọ̀kan."

Mo jókòó. Mo rí Àwẹ̀ró lọ́kàn mi, tó ń wo ọ̀nà. Mo wá wo Èmi-Ò-Ṣòpè bó ṣe ń na èjìká rẹ̀ tó ń yangàn, ọgbọ́n kan sì yọ sí mi. Mo sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ti gba kádàrá. Mo ní, "Òfin wa lo mọ̀ yẹn, o gbìyànjú. Àmọ́ o ò lè mọ̀ ọ́n dé ìdí. Ẹran tí ọdẹ ta, tó gbọgbẹ́, tó sì gbé ọgbẹ́ sá wọgbó, ta ló ni ín?"

Ó ní, "Ìbéèrè ọmọdé! Ọdẹ tó ta á ni. Ì báà sá dé òpin ayé, ẹran rẹ̀ ni."

"Bí ọdẹ náà bá wá kú kó tó bá a ńkọ́?"

"Àwọn ará ilé rẹ̀ ni yóò tọpa rẹ̀. Ẹran kì í bọ́ lọ́wọ́ ìdílé nítorí pé ọdẹ kú." Ó yíjú sí àwọn iwin. "Ṣé ẹ rí i pé mo mọ̀ ọ́n dé ìdí? Àbí irọ́ ni mo pa?" Gbogbo wọn ní òótọ́ ni.

Mo gbé páàdì sílẹ̀. Mo dìde. Mo ní, "Ta ló ṣá ọ léjìká?"

Tẹlifíṣọ̀n ń kọrin fún ara rẹ̀. Mo rí i nígbà tí ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ létí tó sì sọ̀ kalẹ̀ sínú ikùn rẹ̀. Ẹnu òfòrò ní í pa òfòrò. Ó ní, "Èmi kì í ṣe ẹran!" Mo ní, "Nílé tiwa, ohun tó bá pa ọdẹ nínú igbó, ẹran ni." Olójú-Orúnkún dùbúlẹ̀, ó na ẹsẹ̀ sókè, ó fi ojú orúnkún rẹ̀ wo gbogbo wa yípo. Ó ní, "Èmi-Ò-Ṣòpè, ìwọ lo mú òfin wá, ìwọ lo ní ká búra sí i. Pàṣán tí a fi na ìyálé, ó wà lájà fún ìyàwó. Ọdẹ pàdánù géèmù, yóò jókòó bá ọ ta á títí wàá fi kú. Ṣùgbọ́n ìwọ fúnra rẹ, ẹran ìdílé rẹ̀ ni ọ́. Kí irin ṣiṣẹ́." Àwọn iwin fẹnu kò sí i, kíá, nítorí kò sí èyí tí Èmi-Ò-Ṣòpè kò tíì fi orí rẹ̀ gbá igi nínú wọn.

Mo fa àdá yọ. Ẹ̀yin èèyàn mi, òmìrán náà kò sá. Ó na páàdì sí mi. Ó ní, "Ọdẹ, jẹ́ ká ta ẹ̀ẹ̀kan sí i. Ẹ̀ẹ̀kan péré. Màá jẹ́ kí o jẹ." Ọwọ́ mi yún mi, kí Ọlọ́run dárí jì mí, ó yún mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi náà ní òun fẹ́ lọ sílé." Mo ṣá a lẹ́ẹ̀kan. Mo wá dúró, mo tún gbé àdá sókè, mò ń retí kó dìde, nítorí ohun tí ojú mi ti mọ́ nìyẹn. Kò dìde. Kí n tó di orí rẹ̀ sínú àpò, àwọn iwin ti ń jà lé páàdì méjèèjì lórí, Olójú-Orúnkún sì ń pariwo pé àgbà ló ń kọ́kọ́ ta á.

Mo délé, mo bá Àwẹ̀ró lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń ṣa ẹ̀gúsí. Mo gbé orí náà kalẹ̀ síwájú rẹ̀. Ó dìde, ó tú aṣọ dúdú náà, ó jù ú lé orí iwin yẹn lójú, ó wá fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Adùn tó wà nínú ìyẹn, ẹ̀yin ọdẹ, kò sí géèmù tó ní in. Mo gbé ìbọn ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ara ògiri. Ó wá bi mí pé kí ni Ọdẹ́gbàmí ṣe fún un tó fi pa á. Mo sọ fún un pé ó jẹ ẹ́ nínú géèmù ni.

Àwẹ̀ró ní, "Ó jẹ? Ọkọ mi? Ọkọ mi tí gbogbo ilé ń pa láyò, tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń pè lópè, ló jẹ iwin?" Ó bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò gbọ́ láti ọjọ́ tí a ti sin ín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀. Ó jókòó sílẹ̀, ó di ẹsẹ̀ mi mú bí ọmọdé. Ó ní, "Ajíwọgbó, ẹ sọ fún mi. Báwo ló ṣe jẹ ẹ́? Ṣé ó pariwo? Ṣé ó fò sókè? Kí ló sọ nígbà tó rí i pé òun jẹ?"

Mo wolẹ̀. Ẹni tó jókòó tì í, tó gbọ́ ohùn rẹ̀, tó rí ojú rẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, òun ló wà nílẹ̀ níwájú wa, aṣọ ọ̀fọ̀ bò ó lójú. Mo bá a rẹ́rìn-ín, mo bá a ṣòfin, mo sì bẹ́ ẹ lórí, n kò bi í léèrè ohun kan nípa ẹ̀gbọ́n mi. Àwẹ̀ró ṣì ń wò mí lẹ́nu.

Ẹ má bi mí bóyá mo kábàámọ̀. N kò kábàámọ̀. Bí Èmi-Ò-Ṣòpè bá jí lónìí, màá tún pa á. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ bi í.